Asáré Tó Dí Ìpaméjì Lọ́wọ́: Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́ fún Ọ́mpáyà Sọ́fítìbọ́ọ̀lù

Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Ìdárayá
Kíláàsì: Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ọ́mpáyà
Orí-ọ̀rọ̀: Bí a ṣe ń dájọ́ asáré tó dí aṣọ́pápá lọ́wọ́ nígbà ìpaméjì
Àkókò: Ìjókòó méjì, 40 ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan
Ohun èlò: Béésì mẹ́rin, ìbọ̀wọ́ mẹ́ta, bọ́ọ̀lù, ẹfun láti fi fa ilà, ìwé òfin, pátákó ìkọ̀wé

Èròǹgbà

Tí ẹ̀kọ́ yìí bá fi máa parí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè sọ, láìwo ìwé, ẹni tó kú àti ẹni tó padà sí béésì rẹ̀ nígbà tí asáré bá ba ìpaméjì jẹ́. Ó sì gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún kóòṣì tó ń bínú, ní gbólóhùn kan tàbí méjì, láìjẹ́ pé òun náà pariwo.

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá

Akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ pé ẹni mẹ́sàn-án ló ń ṣọ́ pápá, pé abala méje ni eré, àti pé tí ẹni mẹ́ta bá ti kú nínú ẹgbẹ́ tó ń lu bọ́ọ̀lù, wọ́n á gbé igi sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ kejì. Wọ́n ti mọ̀ pẹ̀lú pé bí asáré bá wà ní béésì kìn-ín-ní tí ẹlòmíì sì lu bọ́ọ̀lù nílẹ̀, asáré yẹn kò ní ibùdó mọ́. Dandan ni kó lọ sí béésì kejì. Aṣọ́pápá tó bá mú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, tó tẹ béésì kejì kí asáré tó débẹ̀, ti pa á. Kò pọn dandan kó fọwọ́ bà á.

Ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò

Ẹni tó gbé igi ni alubọ́ọ̀lù. Bó bá ti lù ú tó ń sá lọ, òun náà ti di asáré. Ẹgbẹ́ tó wà lórí pápá ni aṣọ́pápá, àwọn tó dúró ti béésì láàárín wọn ni aṣọ́béésì. Ẹni tó dúró láàárín béésì kejì àti ìkẹta, gbogbo ayé ló ń pè é ní shortstop, àwa náà á pè é bẹ́ẹ̀. Ìpaméjì ni kí wọ́n pa ẹni méjì nínú bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Bí asáré bá dí aṣọ́pápá lọ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ìdílọ́wọ́ ni. Bó bá jẹ́ aṣọ́pápá ló dí ọ̀nà mọ́ asáré nígbà tí kò ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ tí kò sì ń mú bọ́ọ̀lù, ìdínà ni, a sì ti ṣe ìyẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ìfáàrà

Olùkọ́ á kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pápá Yokohama lọ́jọ́ 27 oṣù Keje ọdún 2021. Japan àti Amẹ́ríkà ló ń du wúrà Òlíńpíìkì. Japan ti ní méjì, Amẹ́ríkà kò ní nǹkan kan. Ní abala kẹfà, Amẹ́ríkà ní asáré ní béésì kìn-ín-ní àti ìkejì, ẹnì kan péré ló sì ti kú. Amanda Chidester lu bọ́ọ̀lù kan tó fò tààrà, tó le. Ó bá aṣọ́béésì kẹta, Yu Yamamoto, lápá, ó ta, shortstop Mana Atsumi sì hán an kó tó balẹ̀. Kíá ló ti jù ú sí béésì kejì kí asáré tó rí àyè padà. Ẹni méjì kú, abala parí, 2-0 ni Japan sì fi gba wúrà.

Kò sí ìdílọ́wọ́ kankan níbẹ̀. Mo fi ṣíwájú ẹ̀kọ́ kí kíláàsì lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣọ́. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ìpaméjì kan gba ìrètí orílẹ̀-èdè kan lọ́wọ́ rẹ̀. Asáré tó mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ òun, kí ni kò lè ṣe láti dá a dúró? Ìdí tí òfin yìí fi wà nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Àyè tó há, àkókò tó kúrú

Inú gbọ̀ngán ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sọ́fítìbọ́ọ̀lù, ní Chicago lọ́dún 1887. George Hancock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Farragut Boat Club ló dá a sílẹ̀ nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Eré náà ti jáde sí ìta látọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ kò fẹ̀ tó ti béésìbọ́ọ̀lù. Nínú irú èyí tí wọ́n ń fi agbára ju bọ́ọ̀lù sí alubọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ bàtà 60, ìyẹn mítà 18.29, ni béésì kan sí èkejì. Ti béésìbọ́ọ̀lù jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 90.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ lórí pátákó. Alubọ́ọ̀lù tó yára máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta láti ilé dé béésì kìn-ín-ní. Láàárín àkókò yẹn, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ yí dé ọ̀dọ̀ aṣọ́pápá, kó mú un, kó jù ú sí béésì kejì, kí ẹni tó wà níbẹ̀ gbà á, kó tẹ béésì, kó yí ara padà, kó sì jù ú sí béésì kìn-ín-ní. Bọ́ọ̀lù tó ń lọ ní kìlómítà 97 láàárín wákàtí kan máa gba mítà 18.29 kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá 0.7. Ó túmọ̀ sí pé bí asáré bá fi apá gba aṣọ́béésì díẹ̀ báyìí, tí ọwọ́ rẹ̀ fi falẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, ìpaméjì ti bàjẹ́. Ìdílọ́wọ́ kò ní láti gbé ẹnikẹ́ni ṣubú. Èyí tó kéré tí ojú kò tètè rí ló máa ń pọ̀ jù.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má sì gbàgbé apá kejì: bó bá jẹ́ pé ìpaméjì kò ṣeé ṣe rárá, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni dí. Bọ́ọ̀lù tó rọra yí, tí alubọ́ọ̀lù tó yára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ béésì kìn-ín-ní kí wọ́n tó jù ú láti béésì kejì, kò sí ìpaméjì níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá jẹ́ pé ẹni méjì ti kú kí bọ́ọ̀lù náà tó dé. Ẹni kẹta tí wọ́n bá pa ti parí abala.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ṣé asáré náà ti kú?

Ibí yìí ni kókó ẹ̀kọ́ wà, ibẹ̀ ni kí olùkọ́ dúró sí pẹ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, orí ìkọlù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á máa bèèrè pé ṣé ó gbá a, ṣé ó le, ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ohun tí ọ́mpáyà máa kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: nígbà tí ìdílọ́wọ́ yìí ṣẹlẹ̀, ṣé asáré yìí ṣì wà láàyè nínú eré, àbí wọ́n ti pa á? Ìdáhùn yẹn ló máa sọ ẹlòmíì tó máa bá a kú, ìwọ̀n ẹ̀rí tí ọ́mpáyà nílò sì yàtọ̀ láàárín méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú asáré tó ṣì wà láàyè. Nínú òfin USA Softball, tó bá dí aṣọ́pápá lọ́wọ́, eré dúró lójú ẹsẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kú, àwọn yòókù padà sí béésì tí wọ́n tẹ̀ kẹ́yìn kí ìdílọ́wọ́ tó ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù tí wọ́n lù ló dí lọ́wọ́, alubọ́ọ̀lù máa gba béésì kìn-ín-ní. Ẹnì kan ṣoṣo ló kú. Kí ẹnì kejì tó lè bá a lọ, ọ́mpáyà gbọ́dọ̀ rí i kedere pé asáré náà fẹ́ ba ìpaméjì jẹ́. Tó bá rí i bẹ́ẹ̀, asáré tó tẹ̀ lé e gan-an lẹ́yìn náà kú pẹ̀lú.

Ẹ fojú sí "ẹni tó tẹ̀ lé e gan-an" yẹn, torí ó máa ń kó àwọn tó ti mọ béésìbọ́ọ̀lù sí wàhálà. Ká ní asáré wà ní béésì kìn-ín-ní nìkan, tó sì gbá ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù: ẹni tó tẹ̀ lé e ni alubọ́ọ̀lù, alubọ́ọ̀lù ló máa bá a kú. Ṣùgbọ́n ká ní asáré wà ní kìn-ín-ní àti ìkejì, tí ti ìkejì sì fi èjìká gba shortstop tó bẹ̀rẹ̀ láti mú bọ́ọ̀lù. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni asáré tó ti béésì kìn-ín-ní wá, òun ló máa kú. Alubọ́ọ̀lù máa dúró ní béésì kìn-ín-ní, ara rẹ̀ á yá gágá. Kóòṣì á sọ pé alubọ́ọ̀lù ló yẹ kó kú. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ sọ òfin fún un, kí ẹ padà sí àyè yín.

Wàyí o, asáré tí wọ́n ti pa. Wọ́n ti tẹ béésì kejì kó tó débẹ̀, òun náà mọ̀, gbogbo èèyàn ló mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nínú eré náà. Tó bá wá dí aṣọ́béésì lọ́wọ́ láti pa ẹlòmíì, òun kò lè tún kú lẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà ẹlòmíì ló máa san gbèsè rẹ̀: asáré tó sún mọ́ ilé jù lọ ló máa kú. Kì í ṣe alubọ́ọ̀lù dandan. Bó bá jẹ́ pé asáré kan wà ní béésì kẹta tí kò tíì tẹ ilé, òun ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀ràn náà. Ayò tó kù díẹ̀ kó wọlé ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹni tó ti kú yìí gan-an ni òfin le mọ́ jù, mo sì fọwọ́ sí i. Lórí asáré tó wà láàyè, òfin ń bèèrè pé kí èrò ìpaméjì hàn kedere kí ẹnì kejì tó kú. Lórí ẹni tó ti kú, kò bèèrè èrò kankan. Ó tó pé ó ṣe ohun kan, ohun náà sì gba àǹfààní lọ́wọ́ aṣọ́pápá láti pa ẹlòmíì. Ẹni tó ṣì wà láàyè ní ẹ̀tọ́ láti lépa béésì rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbà á láyè díẹ̀. Ẹni tó ti kú kò lépa nǹkan kan mọ́. Kódà, bó bá ń sáré lọ bí ẹni tó ṣì wà láàyè tó sì tan aṣọ́pápá láti ju bọ́ọ̀lù sí i, òfin gbà kí ọ́mpáyà ka ìyẹn sí ìdílọ́wọ́.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi òfin yìí ni asáré lára. Ká ní wọ́n pa á nígbà tó ku ìgbésẹ̀ méjì kó dé béésì, ó ń sáré bọ̀ tààrà, bọ́ọ̀lù sì bà á lẹ́yìn. Kí la fẹ́ kó ṣe? Kì í ṣe iwin tí yóò pòórá lójú ọ̀nà. Bí kò bá yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, tí kò na apá sókè, tí kò fi ara sọ́nà bọ́ọ̀lù, eré ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bọ́ọ̀lù tí wọ́n lù àti bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù

Òfin kò ka méjèèjì sí ọ̀kan náà. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n lù bá ń bọ̀, aṣọ́pápá tó fẹ́ mú un ló ni ọ̀nà. Asáré ló máa yà fún un, ì báà gba pé kó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá tàbí kó dúró díẹ̀. Bó bá gbá a láìmọ̀ọ́mọ̀, ó ti kú. "Mi ò rí i" kì í ṣe àwíjàre. Bí aṣọ́pápá méjì bá sáré sí bọ́ọ̀lù kan, ẹnì kan ni òfin dáàbò bò, ọ́mpáyà ló sì máa pinnu ẹni tó ṣeé ṣe kó mú un.

Bọ́ọ̀lù tí aṣọ́pápá jù yàtọ̀. Asáré tó ṣì wà láàyè tí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ bà kò tíì ṣẹ̀ nítorí pé ó bà á nìkan. Ọ́mpáyà gbọ́dọ̀ rí i pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ara gbà á: ọwọ́ tó gbé sókè, orí tó gbé dúró nígbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ìbàdí tó sún sí ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù.

Ọ̀rọ̀ ìbàdí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ Reggie Jackson. Béésìbọ́ọ̀lù ni, kì í ṣe sọ́fítìbọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò sí àpẹẹrẹ tó yé akẹ́kọ̀ọ́ jù ú lọ. World Series ọdún 1978, eré kẹrin, New York Yankees àti Los Angeles Dodgers, abala kẹfà. Dodgers ń ṣíwájú pẹ̀lú 3-1. Thurman Munson wà ní béésì kejì, Jackson wà ní kìn-ín-ní, ẹnì kan ti kú. Lou Piniella lu bọ́ọ̀lù tó fò nílẹ̀nílẹ̀ lọ bá shortstop Bill Russell. Jackson dúró, ó rò pé Russell máa hán an. Russell jẹ́ kó bọ́, ó mú un, ó tẹ béésì kejì: Jackson ti kú. Russell wá jù ú sí béésì kìn-ín-ní láti pa Piniella. Jackson ṣì dúró sáàárín ọ̀nà, ó sún ìbàdí rẹ̀ díẹ̀, bọ́ọ̀lù sì gba ibẹ̀ ta dànù. Munson sáré wọlé. Tommy Lasorda, kóòṣì àgbà Dodgers, jà títí, àwọn ọ́mpáyà kò yí ohùn padà. Yankees borí, 4-3, ní abala kẹwàá, wọ́n sì gba World Series náà ní eré kẹfà.

Kí kíláàsì jiyàn lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn kan á sọ pé Jackson kò mọ ibi tó máa gbà. Lójú tèmi, ìdílọ́wọ́ ni. Ẹni tó bá dúró jẹ́ẹ́, bọ́ọ̀lù lè bà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó sún ara rẹ̀ sí bọ́ọ̀lù lẹ́yìn tó ti kú ti ṣe ohun tí ó yẹ ká dá a lẹ́bi fún. Kí olùkọ́ wá bèèrè pé: ká ní sọ́fítìbọ́ọ̀lù ni, tí ọ́mpáyà sì kéde ìdílọ́wọ́, ta ló máa kú? Jackson ti kú, nítorí náà ẹni tó sún mọ́ ilé jù lọ ni, ìyẹn Munson. Nínú béésìbọ́ọ̀lù, Piniella ni wọn ì bá pa. Ọ̀nà méjèèjì ló parí abala yẹn, kò sì sí ayò kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ihò tí Don Hoak gbà jáde

Èyí kúrú, béésìbọ́ọ̀lù sì tún ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1957, Don Hoak ti Cincinnati wà ní béésì kejì nínú eré pẹ̀lú Milwaukee, asáré sì wà ní kìn-ín-ní. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lu bọ́ọ̀lù nílẹ̀, ìpaméjì ti ń bọ̀ wá kedere. Hoak fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú bọ́ọ̀lù náà. Òfin ìgbà yẹn sọ pé asáré tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n lù bà ti kú, òun nìkan. Nítorí náà ó fi ara rẹ̀ ra ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà, ẹnì kan kú dípò méjì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ti yí òfin padà: asáré tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú rẹ̀ láti ba ìpaméjì jẹ́, òun àti alubọ́ọ̀lù ló máa kú pa pọ̀.

Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni Hoak lò, kò sì rú òfin kankan lọ́jọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń pa ẹni méjì fún ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan, ìtàn yìí ni kí ẹ sọ fún un. Bí ìjìyà kò bá ju ohun tí ìpaméjì fúnra rẹ̀ ì bá gbà, gbogbo asáré tó gbọ́n ló máa ṣe bíi Hoak.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Yíyọ̀ wọ béésì

Nínú sọ́fítìbọ́ọ̀lù, kò sí òfin tó fi dandan mú asáré láti fi ara yọ̀ nílẹ̀ wọ béésì. Ó lè yọ̀, ó lè yà, ó lè yí padà kó lọ jókòó. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kó dúró gangan lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì já lu aṣọ́pápá tó ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó kú. Bó bá fi ìwà ipá kún un, kó kúrò nínú eré náà pátápátá.

Béésìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà pẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Ọdún pípẹ́ ni wọ́n fi ń gbóríyìn fún asáré tó bá yọ̀ lọ gbá aṣọ́béésì kejì lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2015, Chase Utley ti Dodgers yọ̀ lu Ruben Tejada ti Mets, ó pẹ́ kó tó sọ ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ Tejada sì ṣẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni òfin tuntun jáde. Asáré gbọ́dọ̀ ti kan ilẹ̀ kó tó dé béésì. Ó gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan béésì, kó sì gbìyànjú láti dúró lórí rẹ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ yí ọ̀nà rẹ̀ padà láti lọ gbá ẹnikẹ́ni. Òfin tiwọn ni, kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ ọ́ sórí pátákó nítorí pé ó kọ́ ojú ní ibi tó yẹ kó wò: ibi tí asáré ti sọ ara rẹ̀ sílẹ̀, àti ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dojú kọ. Ẹsẹ̀ tó dojú kọ béésì ń wá béésì. Ẹsẹ̀ tó dojú kọ orúnkún aṣọ́béésì, ẹ mọ ohun tó ń wá.

Ìfarakanra lásán kì í ṣe ìdílọ́wọ́. Asáré tó yọ̀ tààrà wọ béésì, tí aṣọ́béésì sì fẹsẹ̀ kọ́ ọ nígbà tó ń yí ara padà, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àti pé, ìdílọ́wọ́ lè wà láìsí ìfarakanra rárá: asáré tó pariwo tàbí tó ju ọwọ́ sókè síwájú ojú aṣọ́béésì bó ṣe fẹ́ ju bọ́ọ̀lù lè dí i lọ́wọ́ láìkàn án.

Alubọ́ọ̀lù náà ní tirẹ̀. Láti ààbọ̀ ọ̀nà dé béésì kìn-ín-ní, ojú ọ̀nà kan wà tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ gbà. Bó bá gba ìta rẹ̀ tó sì dí ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ní béésì kìn-ín-ní, ó kú. Bó bá jẹ́ pé ìpaméjì tó ti ilé bẹ̀rẹ̀ ló fẹ́ fi bàjẹ́, asáré tó sún mọ́ ilé jù lọ á bá a kú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ojú ọ́mpáyà

Ọ́mpáyà tó mọ òfin tó sì ń wo ibòmíì kò wúlò. Ìwà ẹ̀dá ni kí ojú máa tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Ọ́mpáyà béésì á kéde ẹni tó kú ní béésì kejì, á yí orí tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù lọ sí kìn-ín-ní, àárín ìyípadà orí yẹn gan-an sì ni asáré máa fa aṣọ́béésì lápá. Nítorí náà, níbi tí ọ́mpáyà méjì bá wà, ẹni tó wà nílé gbọ́dọ̀ jáde síwájú, kó gbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù, kó sì máa wo béésì kejì títí ohun gbogbo yóò fi parí níbẹ̀. Kí àwọn méjèèjì sọ ọ́ fún ara wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Níbi tó bá jẹ́ ọ́mpáyà kan ṣoṣo, kó sún sẹ́yìn díẹ̀ kí béésì méjèèjì lè wà lójú rẹ̀ pa pọ̀. Kò ní rí gbogbo rẹ̀. Ohun tí kò bá rí, kó má kéde rẹ̀, ì báà jẹ́ pé gbogbo ìjókòó òǹwòran ń pariwo.

Bó bá rí i: kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kó ké pé eré dúró. Kó nawọ́ sí asáré tó ṣẹ̀, kó sọ pé ó kú, tàbí pé ó ti kú tẹ́lẹ̀. Kó nawọ́ sí ẹnì kejì tó kú. Kó wá dá àwọn yòókù padà sí béésì wọn. Ẹ tẹ̀ lé e báyìí láì fo ọ̀kan. Àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ á fẹ́ ṣe bíi rẹfirí, tó máa ń jẹ́ kí eré lọ díẹ̀ wò bóyá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ máa jàǹfààní. Kò sí ìyẹn nínú ìdílọ́wọ́ asáré. Eré dúró lójú ẹsẹ̀, ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò ka nǹkan kan.

Ìgbéléwọ̀n

Kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró lórí béésì gidi lórí pápá, kí wọ́n ṣe é, kí ẹnì kan dájọ́.

1. Asáré wà ní kìn-ín-ní àti ìkẹta, kò sí ẹni tó kú. Bọ́ọ̀lù lọ sọ́dọ̀ shortstop, ó jù ú sí béésì kejì, asáré ti kìn-ín-ní kú. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ́béésì mú ní ẹsẹ̀. Ti ìkẹta kò tíì dé ilé. (Ti ìkẹta kú. Alubọ́ọ̀lù wà ní kìn-ín-ní. Ẹni méjì ló ti kú.)

2. Asáré wà ní kìn-ín-ní nìkan. Wọ́n pa á ní béésì kejì, ó yà sọ́wọ́ ọ̀tún lójú ẹsẹ̀, bọ́ọ̀lù sì tẹ̀ lé e lọ bà á léjìká níbi tó yà sí. (Ẹ wo ibi tí aṣọ́béésì wà nígbà tó jù ú. Bí asáré bá ń yà kúrò lójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù, kò sí nǹkan. Bó bá yà sínú rẹ̀, alubọ́ọ̀lù kú.)

3. Asáré wà ní kìn-ín-ní àti ìkejì. Ti ìkejì sáré kọjá níwájú shortstop láìkàn án, shortstop ṣìnà, bọ́ọ̀lù bọ́. (Sísáré kọjá nìkan kì í ṣe ìdílọ́wọ́. Bó bá dúró síwájú rẹ̀ láti bo bọ́ọ̀lù mọ́ ọn lójú, tàbí tó fò sókè, ó di ìdílọ́wọ́: ti ìkejì kú, bí èrò ìpaméjì bá sì hàn, ti kìn-ín-ní bá a kú.)

Ìkẹta yìí ni wọ́n máa ń kùnà jù. Kí olùkọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ àmúrelé

Fún ìdíje kan tí ẹ ó ti ṣiṣẹ́, ẹ lọ ka ìpín ìdílọ́wọ́ nínú ìwé òfin rẹ̀ gan-an, nítorí pé àwọn àjọ kì í kọ gbogbo rẹ̀ bákan náà. Ẹ kọ ìdáhùn sí ohun méjì péré wá: nínú ìwé yẹn, ta ló ń kú pẹ̀lú asáré tó ṣì wà láàyè, ta sì ló ń kú dípò èyí tó ti kú? Ẹni tí kò bá mú ìdáhùn wá kò ní wọ pápá fún ìdánrawò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.